Ìjẹ Tí Kì Í Ṣe Ẹja: Ọgbọ́n Àfarawé Létí Odò Èrúwà

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ju agbára. Etí odò jẹ́ ibi kan tí òwe yìí ti máa ń hàn gbangba. Ẹja kò ní ọwọ́, kò ní ẹsẹ̀, síbẹ̀ alágbára tí ó bá ní òun yóò fi ipá lé e mú nínú ibú, òtútù ni yóò bá a délé. Ìdí nìyí tí àwọn baba ńlá fi dá oríṣiríṣi ohun èlò ẹja pípa sílẹ̀. Àwọ̀n wà, ìgèrè wà, ìwọ̀ náà sì wà. Iṣẹ́ àwọ̀n ni láti dènà, iṣẹ́ ìgèrè ni láti sé ẹja mọ́. Ìwọ̀ ní tirẹ̀ kò dènà, kò sì sé ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀bẹ̀ ni ó ń bẹ ẹja pé kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ wá gba ikú. Ohun tí ìwọ̀ fi ń bẹ̀bẹ̀ náà ni ìjẹ.

Àròkọ yìí dá lórí oríṣi ìjẹ kan tí kì í ṣe oúnjẹ rárá. Ìyẹ́ adìẹ, irun ìrù ẹran àti òwú ni wọ́n ń wé mọ́ ìwọ̀ títí yóò fi jọ ẹja kékeré lójú ẹja ńlá. Ilẹ̀ òkèèrè ni iṣẹ́ ọwọ́ náà ti gbilẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ kan Èrúwà àti gbogbo ilẹ̀ Ìbàràpá gbọ̀ngbọ̀n. Kí ni ó yẹ kí ènìyàn mọ̀ nípa ẹ̀dá kan kí ó tó lè tàn án jẹ? Kí ni ó sì ń sọnù ní ọjọ́ tí ènìyàn bá pinnu pé òun kò fẹ́ mọ nǹkan kan mọ́, kí ẹja ṣáà ti kú ni?

Odò, ìgbà àti ẹja

Èrúwà ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìbàràpá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Òun, Lánlátẹ̀, Ìgbò-Ọrà, Ìdèrè, Àyétẹ̀, Tápà àti Ìgàngàn ni à ń pè ní Ìbàràpá Méje. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni a mọ̀ wọ́n mọ̀ jù: ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ẹ̀gúsí àti iṣu. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ olódò ni ilẹ̀ náà pẹ̀lú. Odò Ọ̀pẹ̀kì àti odò Òfìkì ń ṣàn gba inú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì wà lára àwọn odò pàtàkì tí ń ya wọ inú odò Ògùn. Odò Ògùn yìí kan náà ni ó gba Abẹ́òkúta kọjá lọ sí ọ̀sà ní Èkó, òun sì ni àwọn Yorùbá gbà pé ó jẹ́ ilé Yemọja. Orúkọ òrìṣà náà fúnra rẹ̀, Yèyé-ọmọ-ẹja, ti fi hàn pé bí ẹja ṣe ń bí ọmọ, tí ọmọ sì ń tẹ̀lé ìyá, jẹ́ ohun tí àwọn ará ìṣáájú wò dáadáa kí wọ́n tó sọ ọ́ ní orúkọ.

Ní ìgbà òjò, àwọn odò wọ̀nyí a kún, omi wọn a sì pọ́n bí ẹni pé ẹnìkan po amọ̀ sí i. Ojú kò lè rí ohun tí ó wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi a fà, odò a sì kéré. Níbi tí ó jìn, omi a dúró, a tòrò, ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ wò ó a máa rí àwọn ọmọ ẹja bí wọ́n ti ń yípo lẹ́bàá òkúta. Ìgbà méjèèjì yìí ni ó ń sọ irú ìjẹ tí ó yẹ.

Ẹ jẹ́ kí a mú àrọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Àrọ̀ kò gbẹ́kẹ̀ lé ojú. Irùngbọ̀n mẹ́jọ ni ó wà ní àyíká ẹnu rẹ̀, òun ni ó fi ń tọ́ ilẹ̀ odò wò, tí ó sì fi ń mọ ohun tí ó ṣeé jẹ nínú òkùnkùn àti nínú ẹrẹ̀. Nítorí náà, ìjẹ àrọ̀ ní láti jẹ́ ohun tí ń rùn tàbí tí ó ní adùn: ekòló, ìfun adìẹ, ẹran tí ó ti ń bàjẹ́. Ìjẹ kan tí ó tún ya ènìyàn lẹ́nu ni ọṣẹ. Nínú ọ̀pọ̀ odò àti adágún ilẹ̀ Nàìjíríà, àwọn apẹja a máa gé ọṣẹ ìfọṣọ sí wẹ́wẹ́, wọn a sì fi í há ìwọ̀ lẹ́nu. Ọ̀rá tàbí epo ni wọ́n fi ń se ọṣẹ, adùn ọ̀rá náà a sì máa tàn kálẹ̀ nínú omi bí ó ti ń yọ́ díẹ̀díẹ̀. Ọṣẹ kì í ṣe oúnjẹ, ẹja tí ó bá tọ ipa rẹ̀ wá kò ní mọ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi bẹ́yìn yọ. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ fi nǹkan kan sí ìwọ̀. Okùn gígùn kan ni wọ́n ń nà sójú odò, tí ìwọ̀ mímú yóò sì tò jọ lára rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, tí ẹja tí ń kọjá lọ ní tirẹ̀ bá sì fara kàn án, ó di èrò ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ẹja mìíràn wà tí ojú ni wọ́n fi ń ṣọdẹ. Nínú àwọn odò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹja gígùn kan wà tí ẹnu rẹ̀ rí ṣóńṣó, tí eyín rẹ̀ sì mú, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Hepsetus odoe. Inú koríko omi ni ó máa ń ba sí, tí yóò dúró bí igi tí ó ré sómi, títí ẹja kékeré yóò fi sún mọ́ ọn. Ìran Hydrocynus wà pẹ̀lú, tí eyín wọn ta síta bí eyín ajá ọdẹ. Ẹja ńlá tí àwọn Haúsá ń pè ní giwan ruwa, èyí tí ó túmọ̀ sí erin inú omi, náà wà níbẹ̀. Ẹja ni gbogbo wọn ń jẹ. Ọṣẹ kò sọ nǹkan kan fún wọn. Ohun tí ó bá ń sá ni wọ́n ń lé. Fún irú ẹja báwọ̀nyí ni ìjẹ tí àròkọ yìí ń sọ fi wúlò.

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nídìí ìjẹ

Kí a tó gba ọ̀rọ̀ òkèèrè wọlé, ó yẹ kí a wo ohun tí èdè Yorùbá ti ní nílẹ̀. Ìdẹ àti ìjẹ ni ọ̀rọ̀ méjì tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe dẹ ni ìdẹ ti wá. À ń dẹ ìwọ̀, à ń dẹ pàkúté, à ń dẹ àwọ̀n, à ń dẹ ìgbẹ́. Nígbà tí àwọn onígbàgbọ́ sì ń wá ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi pe ohun tí ń fa ọkàn ènìyàn lọ sínú ẹ̀ṣẹ̀, ìdẹwò ni wọ́n mú, bí ẹni pé Èṣù náà jókòó sétí odò kan pẹ̀lú okùn lọ́wọ́.

Ìjẹ ní tirẹ̀, inú jẹ ni ó ti jáde. Ohun jíjẹ ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ? Ẹja rò pé òun ni, apẹja sì mọ̀ pé òun ni. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ tẹ́tí sí èdè yóò tún gbọ́ jẹ yìí kan náà ní ìparí ìtànjẹ, ìrẹ́jẹ àti ìyànjẹ. Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnìkan wà tí ó jẹ, ẹnìkan sì wà tí wọ́n jẹ. Yorùbá kò sọ pé ẹ̀tàn jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ohun tí èdè ń fi yé wa ni pé bí ẹ̀tàn bá wáyé, oúnjẹ ẹnìkan ti di ti ẹlòmíràn.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe gbogbo ìjẹ tí a fi ìyẹ́ ṣe ní fly, èyí tí ó túmọ̀ sí eṣinṣin, nítorí pé kòkòrò tí ń fò lójú omi ni wọ́n kọ́kọ́ fi í fara wé. Nígbà tí wọ́n wá ń ṣe èyí tí ó jọ ẹja, wọn kò pa orúkọ dà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ sí eṣinṣin tí ó jọ ẹja ti túmọ̀ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ nǹkan. Ẹni tí ó bá ka irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Èrúwà yóò rẹ́rìn-ín, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ìjẹ àfarawé ni àròkọ yìí yóò máa pè é, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni orúkọ náà sọ: ìjẹ tí ń fara wé ohun tí kì í ṣe.

Láti Makedóníà dé Maine

Ọgbọ́n náà ti pẹ́. Aelian, òǹkọ̀wé ará Róòmù kan tí ó fi èdè Gíríìkì kọ̀wé ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ikú Olúwa wa, sọ nípa àwọn apẹja kan ní Makedóníà, létí odò kan tí ó wà láàrin Bèróà àti Tẹsalóníkà, ìlú méjì tí àwọn tí ń ka Bíbélì mọ̀ bí ẹni mọ owó. Ẹja alámì tótòtó kan wà nínú odò náà tí ó fẹ́ràn láti máa jẹ kòkòrò kan tí ń fò lójú omi. Àwọn apẹja ìbá fi kòkòrò náà ṣe ìjẹ, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ènìyàn bá ti kàn án, àwọ̀ rẹ̀ a ṣá, ìyẹ́ rẹ̀ a bàjẹ́, ẹja kò sì ní wò ó mọ́. Wọ́n wá wé irun àgùntàn pupa mọ́ ìwọ̀, wọ́n sì fi ìyẹ́ méjì tí ń hù lábẹ́ ọrùn àkùkọ sí i lára. Ẹja náà rí i, ó ní òun ti rí oúnjẹ aládùn, ó là ẹnu.

Ohun tí ó yẹ kí a fi ọkàn sí nínú ìtàn náà ni ìdí tí wọ́n fi ṣe ayédèrú. Ojúlówó kò ṣeé fọwọ́ kàn ni, kì í ṣe pé wọ́n ń ṣe ọ̀lẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ayédèrú tí yóò ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti wo ojúlówó pẹ́ ju ẹni tí ó kàn fi ojúlówó há ìwọ̀ lẹ́nu lọ.

Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọjá kí ìjẹ tí ó jọ ẹja tó di iṣẹ́ tí ó lórúkọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1924, obìnrin kan tí ń jẹ́ Carrie Stevens, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Upper Dam ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, di ìjẹ oníyẹ̀ẹ́ kan ní ìrísí àwọn ẹja kékeré tí ẹja ńlá odò náà ń jẹ. Ó jù ú sómi, ó sì fi pa ẹja tí ó wúwo tó nǹkan bíi kílò mẹ́ta. Ìwé ìròyìn kan ń ṣe ìdíje ẹja pípa nígbà náà, ẹja yìí sì gba ipò kejì. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ènìyàn ti ń bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Obìnrin yìí kì í ṣe apẹja láti ìbẹ̀rẹ̀. Fìlà àwọn obìnrin ni ó ń ṣe tẹ́lẹ̀, irú fìlà tí wọ́n ń fi ìyẹ́ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ìyẹ́. Kò tilẹ̀ ń lo ohun ìdìmú kankan, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ni ó fi ń di ìwọ̀ mú tí ó sì fi ń wé e.

Lẹ́yìn rẹ̀, ní àwọn ọdún 1930, Don Gapen ṣe èyí tí ó jọ ẹja ìsàlẹ̀ odò ní Kánádà, létí odò Nipigon. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Lefty Kreh ṣe tirẹ̀ fún ẹja omi iyọ̀, iṣẹ́ náà sì gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ya àwòrán rẹ̀ sára sítáǹpù ìfìwéránṣẹ́ ní ọdún 1991. Ní àwọn ọdún 1980, Bob Clouser, ará Pennsylvania, fi ojú tí a fi òjé ṣe sí orí ìjẹ tirẹ̀ kí ó lè máa rì kí ó sì máa gbéra bí ẹja tí ó ṣe léṣe. Irú ti Clouser yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń lọ pa Hydrocynus lódò Zambezi ní gúúsù Áfíríkà ń lò, tí wọ́n sì ń fi okùn onírin so ó nítorí eyín ẹja náà. Ìjẹ tí ó bẹ̀rẹ̀ nílé oníṣẹ́ ọwọ́ lókè òkun ti dé ẹnu ẹja ilẹ̀ Áfíríkà.

Ohun èlò rẹ̀ wà nílé

Bí a bá tú irú ìjẹ bẹ́ẹ̀ palẹ̀, kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí yóò ṣe àjèjì sí ará Èrúwà yàtọ̀ sí ìwọ̀ fúnra rẹ̀, ìwọ̀ náà sì ń bẹ lọ́jà. Irun ìrù àgbọ̀nrín ni Clouser lò. Irun ìrù màlúù kò wọ́n ní Ìbàràpá, ẹni tí ó bá sì ti rí ìrùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ọba tàbí lọ́wọ́ babaláwo ti mọ bí irun bẹ́ẹ̀ ti ń ṣàn nínú afẹ́fẹ́. Bí ó ti ń ṣe nínú afẹ́fẹ́ náà ni yóò ṣe nínú omi. Ìyẹ́ ọrùn àkùkọ wà, èyí tí ó gùn tí ó sì rọ̀. Ìyẹ́ ẹtù wà, èyí tí ó ní ààmì funfun tótòtó bí ara ẹja. Òwú aránṣọ wà, ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tí a lè fi ṣe ojú wà, fọ́nrán dídán tí ń já bọ́ lára aṣọ òde náà sì wà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le, ṣùgbọ́n ó ní òfin. Irun funfun ni yóò wà nísàlẹ̀, irun dúdú tàbí àwọ̀ ewé ni yóò wà lókè, fọ́nrán dídán díẹ̀ ni yóò sì wà láàrin. Ìdí rẹ̀ ni pé bẹ́ẹ̀ ni ara ẹja rí. Ẹni tí ó bá ń wo ẹja láti òkè, ẹ̀yìn dúdú rẹ̀ a bá àwọ̀ ilẹ̀ odò mu. Ẹni tí ó bá ń wò ó láti ìsàlẹ̀, ikùn funfun rẹ̀ a bá ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run mu. Ọ̀nà tí Ẹlẹ́dàá fi bo ẹja kékeré láṣìírí ni ẹni tí ń ṣe ìjẹ fi ń tú àṣírí rẹ̀. Ojú sì gbọ́dọ̀ tóbi díẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹja apẹja ń fojú sun ibi tí ojú ohun tí wọ́n ń lé wà kí wọ́n tó gbé e. Irun kò sì gbọdọ̀ pọ̀ jù. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ náà ni kí ó di irun púpọ̀, kí ìjẹ wá rí bí ìgbálẹ̀.

Ìṣòro kan kù. Ìyẹ́ fúyẹ́, kò ṣeé jù lọ́nà jíjìn bí òkò. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ni pé wọ́n ṣe okùn tí ó nípọn tí ó sì wúwo. Okùn ni ọ̀pá ń jù síwá sẹ́yìn lójú sánmà, ìjẹ a sì tẹ̀lé okùn bí ọmọ ẹ̀yìn ìyàwó. Ní odò tóóró bíi Ọ̀pẹ̀kì, tí igi bò létí méjèèjì, jíjù bẹ́ẹ̀ kò rọrùn. Ṣùgbọ́n ọ̀pá oparun àti okùn kúkúrú náà lè gbé irú ìjẹ bẹ́ẹ̀ dé ojú omi, nítorí pé ọ̀pá gígùn àti okùn tí kò ju ọ̀pá náà lọ ni àwọn ará Makedóníà ìgbàanì pàápàá lò.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Èrúwà jẹ́ àjèjì sí irú ọgbọ́n àtọwọ́dá yìí. Ìlú yìí ni Dókítà Olúyọ̀m̀bọ̀ Awójọbí, oníṣẹ́ abẹ tí ó di olóògbé ní ọdún 2015, ti fi ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ẹ̀rọ tí ń yí ẹ̀jẹ̀ láti fi yẹ̀ ẹ́ wò, nígbà tí ẹ̀rọ òkèèrè kò sí lárọ̀ọ́wọ́tó. Kẹ̀kẹ́ náà kò jọ ẹ̀rọ ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ó ń yí bí ẹ̀rọ náà ti ń yí, yíyí náà ni ẹ̀jẹ̀ sì nílò. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí iṣẹ́ kan ń bèèrè gan-an ni ó lè fi ohun mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Eégún onídán inú omi

Ìrísí nìkan kò tó. Bí a bá jù ìjẹ àfarawé sómi tí a sì fi í sílẹ̀, ìyẹ́ tútù lásán ni. Ìgbà tí a bá fà á ni ó ń di ẹja. Wọn a fà á kíákíá, wọn a dá a dúró, a rì díẹ̀, wọn a tún fà á. Ìdádúró yẹn ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ẹja tí ó farapa ń ṣe, ẹja ọdẹ kò sì ní fi èyí tí ó farapa sílẹ̀ lé èyí tí ara rẹ̀ le. Ẹja tún ní ohun kan ní ẹ̀gbẹ́ ara, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ láti ìhà orí dé ìrù, èyí tí ó fi ń mọ̀ bí omi bá mì. Ìjẹ náà ní láti mi omi bí ẹja ṣe ń mì ín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú yóò gbà, ara yóò kọ̀.

Àwọn Yorùbá ti mọ òfin yìí tipẹ́ lórí pápá. Eégún alárìnjó tí ń ṣe idán a máa di òjòlá, a máa di ọ̀nì, a sì máa di ọ̀bọ lójú gbogbo ayé. Gbogbo òǹwòran mọ̀ pé aṣọ ni. Ṣùgbọ́n bí aṣọ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀ bí òjòlá ti ń wọ́, àwọn ọmọdé a sá, àgbà a sì fà sẹ́yìn díẹ̀ kí ó tó rẹ́rìn-ín. Aṣọ kọ́ ni ó bà wọ́n lẹ́rù, ìrìn ni. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin òǹwòran àti ẹja ni pé òǹwòran lè rẹ́rìn-ín lẹ́yìn náà.

Nínú ẹ̀dá pàápàá, irú idán yìí wà. Ní gúúsù Amẹ́ríkà, nínú ìran awun inú omi, ọ̀kan wà tí ahọ́n rẹ̀ ní ẹran pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó jọ ekòló. A dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀ odò, a la ẹnu sílẹ̀, a sì máa mi ẹran náà díẹ̀díẹ̀ títí ẹja yóò fi wọlé wá jẹun. Ẹni tí ó bá dàgbà pẹ̀lú àlọ́ Ìjàpá kò ní yà lẹ́nu láti gbọ́ pé mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni ó mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀tàn ni tàbí ọgbọ́n?

Bí ọmọdé bá tẹ̀lé baba rẹ̀ lọ sódò, ìbéèrè tí yóò bi í kò le láti mọ̀. A ní, “Bàbá, ṣé ẹja ò mọ̀ pé irọ́ ni?” Baba a ní kí ó dákẹ́ kí ẹja má baà sá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò nílẹ̀. Yorùbá kórìíra ẹ̀tàn. Nínú àlọ́, Ìjàpá a máa tan ọ̀rẹ́ rẹ̀, a máa tan àna rẹ̀, a máa tan ọba, ní ìgbẹ̀yìn ojú a tì í. Kí ló dé tí ojú kì í ti apẹja?

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àwọn tí Ìjàpá ń tàn ti fọkàn tán an, wọ́n jọ ń gbé, wọ́n sì jọ ń jẹun. Kò sí irú májẹ̀mú bẹ́ẹ̀ láàrin apẹja àti ẹja. Ẹja ńlá náà ń ṣọdẹ ẹja kékeré, ebi sì ni ó ń ṣe é. Síbẹ̀, kò túmọ̀ sí pé apẹja kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ó jẹ odò ní gbèsè, ó sì jẹ àwọn tí yóò wá pẹja lẹ́yìn rẹ̀ ní gbèsè. Òdiwọ̀n ẹ̀tàn rẹ̀ ni kí ó tan èyí tí yóò jẹ, kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń fi ìjẹ àfarawé pẹja kì í pa ẹja náà jẹ. Bí wọ́n bá ti mú un, wọn a wò ó, wọn a ya àwòrán rẹ̀, wọn a sì dá a padà sómi. Ìdí wọn ni pé ẹja kò ní tán. Ní Èrúwà, ẹni tí ọmọ ń dúró dè nílé pẹ̀lú ìkòkò lórí iná kò ní rí ọgbọ́n nínú rẹ̀. Yóò bèèrè pé kí ni ẹja ṣe tí wọ́n fi ń dá a lóró lásán. Ìbéèrè gidi ni, nítorí pé ìwọ̀ a máa dun ẹja bóyá wọ́n jẹ ẹ́ tàbí wọn kò jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n apá kan nínú ìwà wọn tó ohun tí a lè kọ́: wọ́n gbà pé ẹja lè tán.

Ìjẹ àfarawé ní àǹfààní kan fún ẹni tí ń pẹja fún oúnjẹ pẹ̀lú. Ẹni tí ó ń fi ọmọ ẹja ṣe ìjẹ ń pa ẹja méjì láti jẹ ọ̀kan, ọmọ ẹja tí ó sì kó lónìí ni ì bá di ẹja ọ̀la. Ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n ti jẹ ẹran rẹ̀ kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ odò, ó sì ṣeé lò léraléra títí eyín yóò fi já a. Àbùkù rẹ̀ náà wà. Nínú omi pípọ́n ìgbà òjò, ẹja kò lè rí i. Àrọ̀ kò kà á sí, nítorí pé kò rùn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nínú omi tí ó tòrò, fún ẹja tí ojú ń darí, ni ó wúlò fún. Ní ìgbà òjò, ekòló àti ọṣẹ ni àgbà. Ẹni tí ó bá ní ti òkèèrè ló dára jù kò tíì wo odò. Ẹni tí ó sì ní ti ilé nìkan ló tó, kò tíì wò ó pẹ́.

Ohun tí kò béèrè ìmọ̀

Ọ̀tá ìjẹ àfarawé kì í ṣe ekòló, oògùn ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn kan ní Nàìjíríà ti ń da Gamalin 20, oògùn tí wọ́n ṣe fún pípa kòkòrò orí kòkó, sínú odò láti fi pa ẹja. Lindane ni èròjà tí ń pani nínú rẹ̀, ní ọdún 2009 ni Àdéhùn Stockholm sì kà á mọ́ àwọn oògùn tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ mú kúrò nílẹ̀. Bí oògùn bẹ́ẹ̀ bá ti bọ́ sómi, ẹja ńlá a kú, ọmọ ẹja a kú, ẹyin wọn a bàjẹ́, kòkòrò tí wọ́n ń jẹ a kú pẹ̀lú. Ẹni tí ó rà á lọ́jà jẹ ẹ́ mọ́ ọbẹ̀, ẹni tí ó pọnmi nísàlẹ̀ odò sì mu ún.

Ewu ti ara nìyẹn. Ewu kan tún wà tí a kì í sábà sọ. Ẹni tí ń lo ìwọ̀ gbọ́dọ̀ mọ orúkọ ẹja, nítorí pé ìjẹ ti ọ̀kan kọ́ ni ti èkejì. Ó gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ń jẹun lóru àti èyí tí ń jẹun lójúmọmọ, èyí tí ń gbé inú ẹrẹ̀ àti èyí tí ń gbé ẹ̀bá òkúta. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ìjẹ ni òun ń fún òjìjì bí kò ṣe ọwọ́ òun fúnra òun, bí òun bá fi ọwọ́ lásán dì í mú. Gbogbo ìmọ̀ yìí, inú èdè ni ó ń gbé. Oògùn kò béèrè ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ẹni tí ń da oògùn sómi kò nílò láti mọ̀ bóyá àrọ̀ ni tàbí epìyà tàbí òbòkún, nítorí pé gbogbo wọn ni yóò léfòó. Lọ́jọ́ tí gbogbo ẹja bá ti di “ẹja” lásán lẹ́nu apẹja, orúkọ wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú ṣáájú ẹja tí ó kù nínú odò.

Ìgúnlẹ̀

A ti rí i pé ìjẹ àfarawé kì í ṣe eré àwọn olówó òkèèrè nìkan. Ọ̀nà kan ni láti fi hàn pé ẹni tí yóò tan ẹ̀dá jẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá náà. Ìjẹ tí ó dára jẹ́ àpèjúwe ẹja ńlá nípasẹ̀ ẹja kékeré: ohun tí ó ń rí, ohun tí ó ń fẹ́, ohun tí kò lè kọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n kò lè ṣe é.

Iṣẹ́ kan wà níhìn-ín fún àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní agbègbè Ìbàràpá. Kí wọ́n lọ bá àwọn apẹja tí ó kù létí Ọ̀pẹ̀kì àti Òfìkì, kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n sì bèèrè orúkọ: orúkọ ẹja kọ̀ọ̀kan, orúkọ oríṣi ìwọ̀ kọ̀ọ̀kan, orúkọ ìjẹ tí ẹja kọ̀ọ̀kan fẹ́ àti orúkọ tí wọ́n fún apá odò kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Kí wọ́n mú ìyẹ́ àkùkọ àti irun ìrù màlúù dání pẹ̀lú, kí wọ́n bi wọ́n pé bí wọn yóò bá fi èyí ṣe ọmọ ẹja, ẹja wo ni wọn yóò fi í tàn, níbo, àti ní oṣù wo. Àgbà tí ó bá dáhùn ìbéèrè yẹn ti ka odò náà fún wọn láti orísun dé ẹnu rẹ̀. Àgbà sì wà lónìí, a ò mọ̀la.